Lẹ́tà Sí Ẹni Tó Ni Ilé Yìí

Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti wà lẹ́nu ẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára pé kò sí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn. Kéèyàn ṣáà ti fara balẹ̀, kó máa tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ, á bá ìdáhùn náà níbi tó lúgọ sí. Àfi lọ́dún tó ń wá ilé yìí, tó bá ìbéèrè kan pàdé tó fún un ní ìdáhùn méjì lọ́jọ́ kan náà, tí àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn jà.

Yàrá méjì ni òun, ọkọ rẹ̀, ọmọ mẹ́ta àti ìyá ọkọ rẹ̀ há mọ́. Bí ẹnì kan bá sín ní yàrá kìíní, ẹni tó wà ní yàrá kejì ló máa kí i ní pẹ̀lẹ́. Orí ibùsùn làwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé bọ̀ láti ilé ìwé, ìyá àgbà á sì máa ká aṣọ lé ìwé wọn lórí. Tíṣà ní tiẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò nínú ilé ìdáná ló ti ń máàkì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti gba ìwé rẹ̀ padà tí àmì ìkọ̀wé pupa àti àmì epo jọ wà lójú ewé kan náà.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń wá ilé. Èyí tó dáa, wọ́n á ti tà á kí wọ́n tó débẹ̀. Èyí tí wọn ò tíì tà, bí wọ́n bá ti fojú kàn án, wọ́n á mọ ohun tí kò jẹ́ kó tà. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, lọ wo ọ̀kan lọ́jọ́ òjò, ó ní nígbà tí òun wọ inú ilé tán ni òun tó mọ̀ pé ó yẹ kóun mú agbòòrùn dání.

Ilé kan wà lójú ọ̀nà ilé ìwé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kò tóbi jù, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì fẹ̀. Iwájú rẹ̀ gan-an ni iná tó ń darí ọkọ̀ wà, bọ́ọ̀sì sì máa ń dúró níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan láràárọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn, Tíṣà á ti kó wọn wọlé. Á ti gbé ìyá àgbà sí yàrá ìsàlẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, á ti pín òkè fáwọn ọmọ, á ti ta aṣọ sí fèrèsé, á sì ti gbé tábìlì kan sí kọ̀rọ̀ tí kò sí ìkòkò nítòsí. Bí iná bá yí padà, bọ́ọ̀sì á gbéra, á sì tún di ẹni tó ń gbé yàrá méjì.

Nígbà tó yá, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Dádì, mo fẹ́ kọ lẹ́tà sáwọn tó ni ilé yẹn."

Ọkọ rẹ̀ ń bọ́ bàtà lọ́wọ́. "Wọ́n ní àwọn ń tà á ni?"

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Tíṣà, èèyàn kì í lọ bá ẹni tó wọ aṣọ sọ́rùn lójú pópó, kó ní kó bọ́ ọ kóun rà á."

Ìyá àgbà dá sí i láti yàrá kejì, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ yàrá kìíní tí kì í ṣe ti yàrá kejì. "Jẹ́ kó béèrè. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí wọ́n bá ní rárá, ṣé rárá ń dá egbò síni lára ni?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà kọ lẹ́tà náà kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó sọ iye tí wọ́n jẹ́ nínú ìdílé, ó sọ iṣẹ́ tóun àti ọkọ òun ń ṣe, ó kọ àdírẹ́sì wọn sí i, ó ní òun ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n bó bá wá sọ́kàn wọn lọ́jọ́ kan láti ta ilé, kí wọ́n jọ̀ọ́ rántí òun. Nígbà tí kò sì mọ orúkọ onílé, ó kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé pé, "Sí Ẹni Tó Ni Ilé Yìí." Ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti lẹ́tà náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì yára kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan.

Ọjọ́ karùn-ún lèsì dé. Kì í ṣe ọ̀kan, méjì ni, wọ́n sì jọ dé pọ̀. Ìkíní wí pé, "Inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ, ọmọ mi. Wá wo ilé náà ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀." Ìkejì wí pé, "A rí lẹ́tà yín gbà. Ilé yìí kì í ṣe títà. Ẹ ṣeun tí ẹ fi ọwọ́ tó ṣeé kà kọ ọ́."

Àdírẹ́sì kan náà ló wà lórí méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ wọ́n. Ọwọ́ ìkọ̀wé nìkan ló yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́ ń yí gbirigbiri lọ bíi pé ó ń sáré, ti ìkejì dúró ṣánṣán bíi sójà lórí ìlà. Tíṣà tẹ́ wọn síra wọn lórí tábìlì nínú yàrá àwọn olùkọ́, ó wò wọ́n títí aago fi lù. Ó gbé wọn padà délé.

"Oníjìbìtì ni wọ́n," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Oníjìbìtì wo ló máa jókòó kọ̀wé pé òun ò tajà?" ni ìyá àgbà béèrè. 

Nígbà tí Sátidé dé, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, Tíṣà nìkan ló lọ. Bàbá àgbàlagbà kan ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ga, ó ta bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn, bàtà tó wọ̀ nínú ilé rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè fi wo ojú.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni mo kọ lẹ́tà."

"Mo mọ̀. Lẹ́tà tí kò ní sítáǹbù." Ó wò ó látòkè délẹ̀, kì í ṣe tìkàtìkà. "Ogójì ọdún ni mo fi pín lẹ́tà nílùú yìí. Lẹ́tà tí wọ́n bá jù gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ọmọ àlè lẹ́tà ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dáa. Àbí o ò rí èsì mi ni?"

"Mo rí i, sà. Mo tún rí èkejì."

"Èkejì wo?"

Kó tó lanu, ohùn kan ti sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn. "Ọmọ mi, máa gòkè bọ̀. Èmi ni mo pè ọ́."

Ìyá kan ló dúró lókè níbẹ̀, ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì le bíi ti ẹni tó ti fi wọ́n ṣiṣẹ́. Agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì, bí Tíṣà ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà. Ìdajì àwọn tó ń gbé àdúgbò yẹn, òun ló kọ́kọ́ gbá wọn nídìí kí wọ́n lè ké.

Bàbá kò wòkè. Ojú Tíṣà ló ń wò. "Sọ fún obìnrin òkè pé ilé yìí kì í ṣe títà."

Àtẹ̀gùn tó wà láàárín wọn kò ju mẹ́wàá lọ. Kò sí ohun tí wọ́n sọ nísàlẹ̀ tí ìyá kò ní gbọ́. Tíṣà wo bàbá, ó wo ìyá, àwọn méjèèjì sì ń dúró dè é.

"Wọ́n... wọ́n ní ilé yìí kì í ṣe títà, mà."

"Sọ fún bàbá ìsàlẹ̀ pé mo gbọ́. Sọ fún un pé orúkọ méjì ló wà nínú ìwé ilé. Ìdajì tèmi, mo ń tà á."

"Wọ́n ní—"

"Mo gbọ́," ni bàbá wí. "Bi í pé ìdajì èwo."

"Òkè," ni ìyá sọ fún Tíṣà.

"Ó dáa. Bi í pé ibo ni ẹni tó bá ra òkè máa gbà débẹ̀. Inú ìdajì tèmi ni àtẹ̀gùn wà. Àfi kí ẹni náà hu ìyẹ́."

Tíṣà dúró lórí àtẹ̀gùn kẹta bí ògbufọ̀ tí wọ́n gbà síṣẹ́ láàárín àwọn tó ń sọ èdè kan ṣoṣo. Kò mọ̀ bóyá kóun máa gòkè ni tàbí kóun máa sọ̀ kalẹ̀. Ìyá na ọwọ́ sí i, ó bá gòkè.

Yàrá mẹ́ta ló wà lókè, wọ́n mọ́ tónítóní. Ìyá fi gbogbo wọn hàn án, ó sọ èyí tí oòrùn kọ́kọ́ ń wọ̀, ó sọ fèrèsé tó máa ń há bójò bá rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Tíṣà ń rí ni sítóòfù kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìyẹ̀wù, kẹ́tùlù kan, rédíò kan, ife kan, àwo kan. Nígbà tí bàbá náà mú un yíká ìsàlẹ̀ (bí kò tilẹ̀ tajà, ó ní kì í ṣe ìwà ọmọlúwàbí kí àlejò wo ìdajì ilé), ó tún rí kẹ́tùlù kan, rédíò kan, ife kan, àwo kan. Àgádágodo wà lára kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, bí ìyá tilẹ̀ ní orúkọ méjì ló wà nínú ìwé ilé, ìdáhùn tó rí ni pé ọ̀kan ni onílé, ìkejì ni ayálégbé. Kò kàn mọ èwo ni èwo.

Ó padà gòkè láti gbé àpò rẹ̀, ó sì fọgbọ́n béèrè. "Mà, ṣé ayálégbé yín ni bàbá?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ibùsùn. "Ayálégbé. Jẹ́ ká sọ bẹ́ẹ̀."

Fèrèsé ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Tíṣà yọjú wo ẹ̀yìnkùlé tó ti ń fojú inú rí látinú bọ́ọ̀sì. Ó fẹ̀ lóòótọ́. Láàárín rẹ̀ ni kùkùté igi kan wà, ó fẹ̀ tó ọpọ́n, koríko ti hù yí i ká bí ibi tẹ́nikẹ́ni kì í tẹ̀ dé. Ìyá dìde, ó fa aṣọ bo fèrèsé.

"Ibẹ̀ yẹn ò sí nínú ohun tí mò ń fi hàn ọ́," ló wí.

Bàbá ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó fún un lómi mu, ó ní kó má bínú pé ó rin ìrìn asán, ó sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Nígbà tí Tíṣà bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní òun ò mọ̀.

Nílé, wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà títí oúnjẹ fi tutù. Ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń jà sí ogún ni. Ìyá àgbà ní rárá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á ti pariwo, pé ohun tí kò ní ariwo nínú ló ń ba òun lẹ́rù. Tíṣà jókòó sáàárín wọn, kò mọ ohun tóun gbà gbọ́. Ó ṣì ń fẹ́ ilé náà. Ìyẹn gan-an ló tún wá ń yà á lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, lákòókò ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé, fóònù rẹ̀ dún.

"Bàbá ìsàlẹ̀ nìyí," ni ohùn náà wí, bíi pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. "Mo ti rò ó. Màá tà á. Mú ọkọ rẹ wá ní Sátidé."

Tíṣà ní ẹ ṣeun sà tó ìgbà mẹ́fà. Ó pa fóònù, ó mú bébà, ó ya ilé náà sórí rẹ̀ yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú yàrá tirẹ̀. Nígbà tó délé, ó ṣe àṣìṣe kan: ó fi han àwọn ọmọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń jà sí fèrèsé.

Ní Sátidé, àga mẹ́rin ni bàbá ti tò kalẹ̀. Ìwé ilé wà nínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ lórí tábìlì, ó tún ta bọ́tìnnì dé ọrùn. Ọkọ Tíṣà kí i, wọ́n jókòó. Wọn ò tíì fẹnu kan iye kankan tí àtẹ̀gùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyá sọ̀ kalẹ̀ dé àárín, ó jókòó síbẹ̀.

"Tíṣà, bá mi sọ fún bàbá yẹn pé mi ò tà mọ́."

Tíṣà rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ló fèsì. "Ẹ dákun, mà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ pe ìyàwó mi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Èmi ni. Nígbà yẹn, mò ń tà. Mo wá gbọ́ tó ń sọ lórí fóònù pé òun náà á tà, ó sì ṣe mí bákan. Kí ló dé tó tètè yá a lára bẹ́ẹ̀?"

"Tíṣà, bi í pé ṣebí ohun tó fẹ́ nìyẹn," ni bàbá wí. "Ó ní òun fẹ́ tà, mo ní ó dáa. Kí ló tún kù?"

"Sọ fún un pé tí mo bá fẹ́ kó sọ pé ó dáa, màá ti sọ bẹ́ẹ̀."

Orí Tíṣà dàrú pátápátá. Ó gbójú kúrò lára wọn, ó ń wá ibi tó máa gbé e sí, ó sì bá àwòrán kan pàdé lára ògiri, èyí tí kò fiyè sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ ìyàwó kan ló wà nínú rẹ̀, ó ga, bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, bàtà rẹ̀ ń dán. Ìyàwó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú, ọwọ́ rẹ̀ le. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán yẹn ni òmíràn tún wà: ọmọbìnrin kan tó jókòó sórí ẹ̀ka igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà á.

"Tọkọtaya ni yín," ni Tíṣà wí. Kò mọ̀ pé òun máa sọ ọ́ síta.

"Ọdún mẹ́rìnlélógójì," ni àwọn méjèèjì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn ara wọn, ọ̀kan kọjú sí ilẹ̀kùn, ìkejì kọjú sí ògiri.

Ọkọ Tíṣà ti gbé oríṣiríṣi èèyàn rí nínú ọkọ̀ rẹ̀, nǹkan kì í tètè bò ó lójú. "Ẹ yan ara yín lódì," ló wí. "Láti ìgbà wo?"

 Bàbá sọ fún Tíṣà pé ó ti tó ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Ó ní igi kan wà lẹ́yìnkùlé tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọ ìpìlẹ̀, ó ní ògiri ilé ìdáná ti là, ó sì tọ́ka sí ibi tí wọ́n fi símẹ́ńtì dí. "Mo gé e. Ohun tí mo ṣe kò ju ìyẹn lọ."

"Sọ fún un kó sọ ọjọ́ tó gé e," ni ìyá wí. "Ọjọ́ tí mo lọ kí àbúrò mi. Kò lè gé e lójú mi. Kó sì sọ fún ọ pé igi ta ni."

 Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ látorí àtẹ̀gùn, kò gbóhùn sókè. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ wọn ni wọ́n gbin igi náà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Orí rẹ̀ ló dàgbà sí. Ó di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án sì mú un lọ. "Mo ti gbé ọmọ ọlọ́mọ jáde lóríṣiríṣi ọ̀nà tó le," ni ìyá wí, "tèmi ni mi ò lè fà padà. Igi yẹn ló kù. Mo lọ kí àbúrò mi, mo dé, mo bá kùkùté."

 Ọkọ Tíṣà rọra fà á lọ́wọ́, wọ́n dìde, wọ́n kí àwọn arúgbó méjèèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jáde.

"Wọn ò tà," ni ọkọ rẹ̀ wí nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀. "Wọn ò sì sọ pé àwọn ò tà. Àwa ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Bàbá yẹn fẹ̀yìn tì tán, ìwọ ló wá sọ di apínlẹ́tà. Jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀, Tíṣà."

Ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò rí ara rẹ̀ kó jọ. Ó kọ ọ́ sójú pátákó pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta, kò sì mọ ohun tí gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín sí. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró níwájú ilé náà láàárọ̀, á wo itan rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá àánú wọn ló ń ṣe òun ni tàbí inú ń bí òun sí wọn. Nígbà míì ó máa ń rò pé wọ́n ti ṣe òun níkà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, á rí i pé òun lòun ti nǹkan gba abẹ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, òun lòun lọ tú ohun tó ti rọlẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ó pinnu pé òun á lọ sọ fún wọn pé ó tán. Ì bá kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kéèyàn fi sínú àpò ìwé. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn iṣẹ́, oòrùn ṣì wà lókè. Ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, ló bá gbọ́ wọn.

"Ìwọ lo gé e! O ò bi mí!"

"Bí mo bá bi ọ́, kí lo máa sọ?"

"Màá ní rárá!"

"Ìyẹn ni mi ò ṣe bi ọ́!"

Ọwọ́ Tíṣà wà lókè níbẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé e pé kò sí "sọ fún un" nínú ọ̀rọ̀ tóun ń gbọ́.

"Ògiri kọ́," ni bàbá wí nínú ilé. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, àfi kí Tíṣà fetí sí i. "Irọ́ ni mo pa. Símẹ́ńtì ì bá ti tó ògiri yẹn. Láràárọ̀ tí mo bá ń bọ́jú lẹ́yìnkùlé, ẹ̀ka tí ọmọ wa máa ń jókòó lé ni mo máa kọ́kọ́ rí. Láràárọ̀. Mi ò lè wò ó mọ́. Ìwọ nìkan kọ́ lo bí i."

 Tíṣà yí padà kó máa lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì mọ ọ̀nà tó yẹ kó gbà, ó bá fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Ìyá ló ṣí i. Ojú rẹ̀ ti wú, ẹkún ti rin ọrùn aṣọ rẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí. "Ó bá mi sọ̀rọ̀."

Wọ́n mú un wọlé. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ni bàbá bá gbé kẹ́tùlù kaná. Ìyá gòkè lọ mú ife tirẹ̀ wá, Tíṣà sì mu tíì nínú ife bàbá, bàbá mu tirẹ̀ nínú abọ́. Wọ́n jókòó síbẹ̀ bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ọkọ̀ tó fẹ́ dojú dé.

"A ò ní tà á," ni ìyá sọ nígbà tó yá. Ó wo ọkọ rẹ̀ kó tó sọ ọ́.

"A ò ní tà á," ni bàbá náà wí.

Ohun tí Tíṣà wá sọ náà nìyẹn, pé òun ò rà á mọ́. Síbẹ̀, bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ẹkún ló gbọ̀n ọ́n. Ó sunkún fún yàrá mẹ́ta tó wà lókè, fún tábìlì tó ti gbé sí kọ̀rọ̀, fún àwòrán tó yà fáwọn ọmọ. Inú rẹ̀ sì dùn sí wọn lọ́wọ́ kan náà, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹkún náà le, nítorí kò mọ èwo nínú méjèèjì ni omijé wà fún.

"Ẹ dákun," ló wí nígbà tó nu ojú, "ẹ kàn sọ fún mi. Nígbà tí ẹ kọ̀wé sí mi, mà, ṣé ẹ fẹ́ tà lóòótọ́, àbí ẹ kàn fẹ́ kí bàbá bínú?"

Ìyá ronú sí i dáadáa. "Ọwọ́ rẹ̀ ni lẹ́tà rẹ kọ́kọ́ bọ́ sí. O kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ẹni tó ni ilé yìí, kò sì mọ̀ bóyá òun ni, ó wá gbé e sórí àtẹ̀gùn fún mi. Mo kà á, mo gbé e padà sí ìsàlẹ̀. Mo rò pé mo fẹ́ tà. Mo ti di ẹrù mi sínú báàgì kan. Ọmọ mi, mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀," ni bàbá wí.

Kò sí ìdáhùn mìíràn tó gbà lẹ́nu wọn, títí dòní.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́ nílé Tíṣà nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá ni, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ní àdírẹ́sì tó wà lórí lẹ́tà lòun tẹ̀ lé, pé òun ò ṣì í rí láyé òun. Ó kí ìyá àgbà, ó wo yàrá kìíní, ó wo yàrá kejì, ìyẹn ò gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì sọ fún Tíṣà kó wọ bàtà.

"Ilé tí lẹ́tà rẹ̀ ń wá láti ibì kan ṣoṣo," ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń lọ, "láìpẹ́, onílé á lọ bá ẹni tó ń kọ lẹ́tà náà. Mo mọ irú ilé mẹ́ta bẹ́ẹ̀."

Tíṣà ò fẹ́ lọ. Ó ti búra pé òun ò tún ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ilé tí wọn ò gbé sọ́jà. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í dá àgbà dúró sójú ọ̀nà, ó bá ń tẹ̀ lé e. Nílé àkọ́kọ́, ajá ló dá wọn lóhùn. Nílé kejì, obìnrin kan fi ìdùnnú jáde, ó rò pé bàbá mú lẹ́tà tó ti sọnù lọ́jọ́ pípẹ́ wá fún òun, wọ́n sì fi wákàtí kan gbáko ṣàlàyé fún un pé kò sí lẹ́tà kankan. Nílé kẹta, tó jẹ́ ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ lójú, atúnbàtàṣe kan tó ti ń darúgbó gbé òòlù dúró lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n.

"Ta ló sọ fún yín?" ló béèrè. "Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu pé màá lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi."

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó wọnú ilé atúnbàtàṣe. Yàrá mẹ́rin ni, kò ní òkè. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀ rẹlẹ̀, ọkọ Tíṣà sì ti forí gbá a nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù bàtà wà lára ògiri, ó ṣòro láti fọ̀ kúrò. Àwọn ọmọ wo àwòrán wọn, wọ́n wo ilé, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn láti orí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà ń gbá ìṣó kéékèèké jọ ní kọ̀rọ̀ ibi tí atúnbàtàṣe máa ń jókòó sí. Ìyá àgbà gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá tirẹ̀, ó ń na orúnkún nínú oòrùn.

"Tíṣà," ló wí, "àwọn èèyàn yẹn, bí ẹ bá dúró sí i, tí ẹ ò tètè gbà fún wọn, ṣé wọn ì bá tà á?"

Tíṣà dúró ti ìgbálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà méjèèjì, ó tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ, ó dé orí àtẹ̀gùn, ó dé ìdí kùkùté, ó dé ibi ilẹ̀kùn tó dúró sí tó gbé ọwọ́ sókè. Níbẹ̀, kò rí ọ̀nà mọ́.

"Mi ò mọ̀, mà," ló wí.

"Hùn-ún," ni ìyá àgbà wí. "Ìṣó kan wà lẹ́yìn rẹ, má tẹ̀ ẹ́."